Ta Ló Yọ Pátákó Owó Oṣù Kánsẹ́lọ̀?

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni wọ́n rí i pé pátákó náà kò sí lára ògiri mọ́. Ọ̀yẹ́ ti dé, eruku pupa sì ti bo àdúgbò Shango bó ṣe máa ń bo gbogbo Minna lásìkò náà, eruku tí òórùn rẹ̀ kì í kúrò nímú ẹni tó bá gbé ìlú yẹn rí, bó ti wù kó rìn jìnnà tó. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń lọ síbi iṣẹ́ dúró. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ pa kẹ̀kẹ́, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo wọn ń wo ibì kan tó mọ́ rekete láàárín ògiri ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣèlú, níbi tí pátákó ti wà láti ọdún méjì.

Pamílẹ́rìn Oyèdìran, kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù náà, ló kàn án mọ́bẹ̀. Tí owó oṣù rẹ̀ bá ti wọlé, á ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà, ní Yorùbá àti Hausa: iye tí ìjọba san, iye tó bá ọkọ̀ lọ, iye tó bá àlejò lọ, iye tó kù. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá ṣe tíṣà, ṣùgbọ́n Minna ni wọ́n bí òun sí. Ọmọ ọdún márùndínlógójì ni, kò tíì gbéyàwó, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Chanchaga ló ń gbé. Sátidé tó ń bọ̀ ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa tò sẹ́yìn ẹni tí wọ́n fẹ́ kó ṣe aṣáájú wọn ní wọ́ọ̀dù. Ẹni tó ń bá Pamílẹ́rìn du ipò náà ń pín ìrẹsì. Pátákó yẹn ni gbogbo ohun tí Pamílẹ́rìn ní.

Ìwé kan ni wọ́n lẹ̀ sípò rẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí:

"Ẹ̀yin ará Shango, ẹ má wá pátákó yìí mọ́. Ẹni tó ń kọ owó rẹ̀ síta kò ní kọ ọ́ mọ́. Ó tó gẹ́ẹ́. Kí Luqman máa bá ìpolongo tiẹ̀ lọ. Kí Lékan lọ fi ọ̀dà rẹ̀ kun ilé ara rẹ̀. Kí ẹ jẹ́ kí ẹni tí mò ń wí sinmi."

"Òun fúnra ẹ̀ ló yọ ọ́," oníkẹ̀kẹ́ kan wí. "Ṣebí oṣù tó kọjá ló lọ Àbújá, ó ti rí owó tó fẹ́ fi pamọ́."

"Owó àlejò yẹn ló ń dùn mí," èkejì dáhùn. "Oṣooṣù ni àlejò ń jẹ ìdajì owó. Àlejò wo? Ọba ìlú wo ló ń sọ̀ sí Chanchaga?"

Kó tó di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ náà ti dé Bosso. Pamílẹ́rìn gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Ó jókòó síwájú Ìnspẹ́kítọ̀ Kàbírátù Ràsákì.

"Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ ò bá rí i kó tó di Sátidé, mo ti di olè nìyẹn," ó wí. "Ipò yẹn lè lọ. Orúkọ bàbá mi ni mi ò lè jẹ́ kó lọ."

Kàbírátù jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í yára sọ̀rọ̀. Minna ni wọ́n bí òun náà sí, Hausa sì máa ń yá a lẹ́nu ju Yorùbá lọ tí inú bá ń bí i. Nígbà tó dé ọ́fíìsì ẹgbẹ́, kò tíì kí ẹnikẹ́ni tó fi lọ dojú kọ ògiri. Ìṣó mẹ́rin wà nínú agolo mílíìkì lójú fèrèsé, kò sí ọ̀kan tó wọ́ nínú wọn. Èèrà tò lọ rẹrẹ síbi ìwé tí wọ́n lẹ̀. Ó fi ìka kan igun ìwé náà, ó sì tọ́ ọ lá.

"Madam, ẹ má jẹ ẹ̀rí wa tán o," Lékan wí láti ẹnu ọ̀nà. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́, òun ló sì ń fi ọ̀dà kọ pátákó náà lóṣooṣù, lọ́fẹ̀ẹ́.

"Ògì ni," ni Kàbírátù fèsì. "Ìwọ, kí lo fi ń lẹ ìwé?"

"Gọ́ọ̀mù. Ta ló ń se ògì fún mi? Búrẹ́dì àti Coke ni mo fi ń jí, èmi tí n ò láya."

"Wọ́n ní o máa ń ráhùn lórí pátákó yìí."

"Mo ń ráhùn dáadáa. Ẹ̀yin ẹ dúró lórí àga nínú ọ̀yẹ́, kí ẹnì kan máa ka iye owó fún yín láti ìsàlẹ̀, tó tún ń ní kẹ́ ẹ pa á rẹ́ torí ó gbàgbé owó kẹ̀kẹ́ kan. Ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ kó parí, mo kàn máa sọ pé ọ̀dà ti tán ni."

Òdìkejì títì ni Hajiya Husnah ti ń dín máásà láti ìdájí. Kàbírátù kí i ní Hausa, wọ́n béèrè ara, ilé àti ọmọ lọ́wọ́ ara wọn, kí ọ̀rọ̀ tó kan olè.

"Mo rí i," ìyá arúgbó náà wí. "Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni. Obìnrin ni. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, ó fi ẹ̀mú yọ pátákó, ó nù ún, ó wá fi ìró wé e bí ọmọ tuntun. Mo kí i kú iṣẹ́, mo ní, 'Sannu da aiki.' Ó ní, 'Yauwa, sannu.' Ó tilẹ̀ ra máásà. Haba, olè wo ló ń ra máásà?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Ó faṣọ bojú. Ọ̀yẹ́ yìí, ta ni ò bojú?"

Obìnrin ni, nígbà náà. Ọkàn Kàbírátù kọ́kọ́ lọ sílé Alhaji Luqman, ẹni tó ń bá Pamílẹ́rìn du ipò. Ọkùnrin gbẹ̀ngbẹ̀ náà ní ogójì kẹ̀kẹ́ lójú títì àti ìyàwó méjì nílé. Ó gba ìnspẹ́kítọ̀ pẹ̀lú ọ̀yàyà, ó ní kí wọ́n gbé fura tútù wá fún un.

"Mo mọ̀ pé ẹ máa wá," ó wí. "Ẹni tí ẹrù rẹ̀ sọnù, ọ̀dọ̀ ọ̀tá rẹ̀ ló ti ń kọ́kọ́ wá a. Ṣùgbọ́n Ìnspẹ́kítọ̀, ẹ ka ìwé yẹn dáadáa. Tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ ba ọmọ yẹn jẹ́, orúkọ rẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ kọ, gàdàgbà, kí afọ́jú lè rí i. Kí ni mo fẹ́ máa pè é ní 'ẹni tí mò ń wí' fún? Mò ń bẹ̀rù rẹ̀ ni?"

Kàbírátù gbé ife fura sílẹ̀. Ó yọ àwòrán ìwé náà lórí fóònù rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dìde láìmu fura rẹ̀ tán.

Ní Ọjọ́bọ̀ ó lọ sí Chanchaga. Bọ́sẹ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Pamílẹ́rìn, ló bá ní gọ̀bì ilé, tó ń gé ilá tí yóò sá. Bẹ́ǹṣì gígùn mẹ́ta ló tò yí i ká.

"Ẹ káàbọ̀ o. Eyínfúnjowó ti jáde," Bọ́sẹ̀ wí.

"Ta ni Eyínfúnjowó?"

"Kánsẹ́lọ̀ yín náà ni. Ṣé ẹ ò wo eyín ẹ̀ ni?"

Kàbírátù yọ ìwé àti bírò. "Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ rẹ̀ ní kíkún, kí n kọ ọ́ sílẹ̀."

Bọ́sẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó fi ọ̀bẹ nu etí abọ́. "Ẹ kọ ọ́, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n."

"Bẹ́ǹṣì yìí ńkọ́? Ìpàdé ń wáyé níbí ni?"

"Ìpàdé kọ́. Àwọn tó ń ka pátákó ni. Tí wọ́n bá ti ka iye tó wọlé, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n máa tò síbẹ̀ látòkèdélẹ̀. Èyí ń wá owó ilé ìwé, èyí ń wá owó táyà. Ẹni tó bá sì jókòó sí gọ̀bì mi, mi ò lè wò ó kó máa wo ìkòkò. Bàbá mi máa ń sọ pé bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ ni. Tiwa yìí, ojú títì la gbé e sí."

Kàbírátù béèrè bóyá ògì ṣẹ́ kù. Bọ́sẹ̀ bu ife kan fún un, ó sì mu ún tán pátápátá. Bó ṣe ń jáde, ojú rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé. Gbogbo aládùúgbò sá ilá sórí ẹní àti ọ̀rá. Ti Bọ́sẹ̀ nìkan ló wà lórí pákó gbọọrọ kan, tí ọ̀dà funfun yọ díẹ̀ létí rẹ̀. Ìnspẹ́kítọ̀ kàn kọjá lọ ni. Ó fẹ́ kó jẹ́ pé àwọn tó pe Pamílẹ́rìn lólè ni yóò gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tó ṣe é.

Ní Sátidé, iwájú ọ́fíìsì ẹgbẹ́ kún. Pamílẹ́rìn dúró lápá ọ̀tún, ènìyàn mọ́kànlá péré ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìlà Luqman ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdí ààrò Hajiya. Kàbírátù bọ́ sáàárín.

"Kẹ́ ẹ tó ka orí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí," ó wí. "Olè máa ń fa nǹkan já. Ẹni yìí rọra yọ ìṣó, ó sì tọ́jú rẹ̀ fẹ́ni tó ni ín. Ògì ló fi lẹ ìwé, a jẹ́ pé ilé tí wọ́n ti ń dáná láràárọ̀ ló ti wá. Obìnrin ni, Hajiya rí i. Èmi náà rò pé ilé Alhaji ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ̀wé yìí kọ 'Luqman' sílẹ̀ gbọọrọ. Ìyàwó Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ọkọ yín lórúkọ ká gbọ́."

Ìyáálé Luqman fi ìbòrí bo ẹnu. "Bàbá Arifah ni mo ń pè é láti ọdún mẹ́tàlélógún. Ẹ fi mí sílẹ̀."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín.

"Ẹ rí i? Ìwé yìí dárúkọ Luqman, ó dárúkọ Lékan. Ẹni tí gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé lórí nìkan ni kò lórúkọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dé ibi tó yẹ kó dá a, ẹ̀ẹ̀mejì ló yà bàrá. Ọ̀tá kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Alhaji ló là mí lójú. Ìyàwó ilé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi náà ń ṣe é. Àbúrò ọkọ mi wà tí mò ń pè ní Bọ̀dá Ológe láti ọdún mọ́kànlá. Ọjọ́ tí mo fẹ́ bá a kọ fọ́ọ̀mù, ọmọ mi ni mo gbé bírò fún. Ẹni tí mo bá nílé kí n tó wọlé, ọwọ́ mi kọ̀ láti kọ orúkọ rẹ̀. Nílé kánsẹ́lọ̀, ìyàwó ilé kan ṣoṣo ló wà. Orí pátákó yẹn ló sì sá ilá sí."

Bọ́sẹ̀ ti ń bọ̀ láti ẹ̀yìn èrò, kò dúró kí wọ́n pè é.

"Èmi ni," ó wí. "Mo rò pé tí kò bá sí pátákó, ẹ ò ní mọ ọjọ́ tí owó wọlé. Mi ò mọ̀ pé òun lẹ máa pè lólè. Nígbà tí mo gbọ́, ẹ̀rù bà mí láti dá a padà."

"Ilé rẹ̀ ló ti jáde, ẹ ò gbọ́?" ẹnì kan ké láti ìlà Luqman.

Bọ́sẹ̀ yíjú sí i. "Ràsheed oníkẹ̀kẹ́, ṣé ìwọ lò ń sọ̀rọ̀? Ìwọ tó jẹ ìrẹsì mi lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù kẹwàá? Ẹ̀ ń béèrè àlejò tó ń jẹ owó. Mubashir bíríkìlà, ìwọ ni àlejò. Ìyá Hibatullah, ẹ̀yin ni àlejò, ẹ gba owó ilé ìwé. Alhaji, mẹ́ta nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn yín ni àlejò, wọ́n sì ń jẹ ẹran ju àwọn tiwa lọ. Ẹsẹ̀ ni Eyínfúnjowó fi rin apá kan ọ̀nà ìpàdé Àbújá oṣù tó kọjá, torí owó ọkọ̀ rẹ̀ ti bá yín lọ."

Mubashir bú sẹ́rìn-ín, ó gbá iwájú orí ara rẹ̀, ó sì rìn kọjá lọ sẹ́yìn Pamílẹ́rìn. Ìyá Hibatullah tẹ̀lé e. Ràsheed dúró díẹ̀, ó wo Luqman, ó wolẹ̀, òun náà kọjá. Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í tú bí òwú.

"Kí ló dé tí o ò kọ orúkọ wọn?" Kàbírátù bi Pamílẹ́rìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó wá tọrọ, ṣé ara ògiri ló yẹ kí n gbé e kọ́?"

"Kọ wá," Hajiya Husnah wí láti ìdí ààrò rẹ̀. "Ta ló fẹ́ mọ owó ẹlòmíì, tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ tiẹ̀?"

Wọ́n fọwọ́ sí i níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka orí, Pamílẹ́rìn fi ènìyàn mẹ́rìndínlọ́gọ́rin borí. Ó ní òun kò bá ìyàwó ilé wọn ṣẹjọ́, Kàbírátù sì fa ìwé ẹ̀sùn ya.

Oṣù tó tẹ̀lé e, owó wọlé. Pátákó jáde, orúkọ àlejò sì ní àyè tirẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹyọ ènìyàn kan kò wá sí Chanchaga. Bọ́sẹ̀ ti se ìkòkò ńlá kó tó rántí pé ẹni tó bá wá, orúkọ rẹ̀ á wà lára ògiri. Ó jókòó, ó gbádùn ìdákẹ́jẹ́ títí di ọ̀sán. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti jáde sójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹta láti wo bóyá ẹnì kan ń bọ̀.

Kẹ̀kẹ́ kan dúró. Alhaji Luqman ló sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn eruku kúrò ní bàbáńrígà rẹ̀, ó sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì.

"Ìyàwó wa, wọ́n ní ìrẹsì yín ló gba ìbò mi," ó wí. "Mo wá wò ó. Ẹ bù ú kó kún dáadáa." Ó yọ fóònù, ó pe Lékan. "Gbé àga rẹ, gun òkè. Kọ ọ́ sílẹ̀: Luqman, àwo kan, ẹran méjì." Ó wo ojú Bọ́sẹ̀ tó ń bu ọbẹ̀. "Pa á rẹ́. Ẹran mẹ́ta."