Igi Ìwọ̀n Ilé Aláwọ̀n

Ẹ̀yìn àwọ̀n ni Ìdákẹ́ wà tó ti kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà, ní wẹ́wẹ́ ló sì rí i. Ojú àwọ̀n kan mú fìlà rẹ̀, òmíràn mú imú, òmíràn mú ẹnu tó là sílẹ̀ nítorí ọ̀nà tó gùn. Àwọ̀n náà kọ́ sí ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ̀ látòkè délẹ̀, òun sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó ń tún ibi tó ya ṣe, abẹ́rẹ́ onígi lọ́wọ́, òwú lẹ́nu.

"Ẹ kú ilé o. Ṣé ẹnikẹ́ni wà ńbí?"

Kò dáhùn. Òwú wà lẹ́nu rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ bí kò bá tiẹ̀ sí òwú níbẹ̀, kò dájú pé yóò sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin tó ń gbọ́ ju èyí tó ń sọ lọ ni. Ìdí nìyẹn tí bàbá rẹ̀ fi ń pè é ní Ìdákẹ́, tí gbogbo èbúté sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Ó fi eyín gé òwú náà. Ọkùnrin náà, tó rò pé òun nìkan ló dúró síbẹ̀, ta gìrì, ó fà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì wọnú garawa omi tòun ti bàtà.

"Kì í ṣe omi ẹsẹ̀ nìyẹn," ni Ìdákẹ́ wí láti ẹ̀yìn àwọ̀n. "Òwú la fi ń rẹ níbẹ̀."

Ọkùnrin náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo àwọ̀n, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdákẹ́ kíyè sí i, ó sì tún fi òwú sẹ́nu.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Wọ́n rán an wá nítorí òfin tuntun lórí ẹja pípa. Àwọn tó jókòó ní ọ́fíìsì tó jìnnà sí omi ti rí i pé ẹja ń tán nínú adágún, pé àwọn ọmọ ẹja ń kú sínú àwọ̀n kí wọ́n tó dàgbà tó èyí tó lè bímọ. Òfin náà ní àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kò bá gba ìka mẹ́ta tí a pa pọ̀ kò gbọdọ̀ kan omi mọ́. Bí òjò ọdún náà bá ti dá, wọn yóò kó gbogbo èyí tó bá kù jọ sí èbúté, wọn yóò dáná sun ún.

Lọ́jọ́ tó ṣàlàyé rẹ̀ fáwọn apẹja, ó na ìka mẹ́ta sókè kí gbogbo wọn lè rí i.

"Ìka ta ni, ọ̀gá?" ni apẹja kan bi í. "Tèmi àbí tìyàwó mi?"

"Tìyàwó ẹ ni!" ni ẹlòmíràn fèsì. "Gbogbo wa la mọ bí ọwọ́ ẹ̀ ṣe wúwo tó!"

Ẹ̀rín gba èbúté. Òṣìṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, lẹ́yìn náà ló yọ irin pẹlẹbẹ kan jáde lápò, ó ní irin náà ni ìka tí ìjọba mọ̀. Àmọ́ orúkọ ti balẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ìka-Mẹ́ta.

Bàbá Ìdákẹ́ ni Bàbá Aláwọ̀n. Kò sí ọkọ̀ kan lórí adágún náà tí àwọ̀n inú rẹ̀ kò ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ìka-Mẹ́ta mú àwọ̀n àkọ́kọ́, ó fi irin sí i lójú. Irin kò wọlé. Ó mú òmíràn. Irin kò wọlé. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ bàbá àgbà náà.

Bàbá Aláwọ̀n kò bínú. Ó ti inú agbádá rẹ̀ yọ igi pẹlẹbẹ kan tó ti dúdú nítorí ọwọ́ tó pẹ́ tó ti ń dì í mú. Ara irú igi bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń hun àwọ̀n ń yí òwú ká kó tó ta kókó, kí gbogbo ojú àwọ̀n lè dọ́gba.

"Ìwọ ọmọ yìí, wo igi yìí dáadáa. Bàbá mi ló fi lé mi lọ́wọ́. Bàbá tiẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Ojú tí wọ́n hun ni mò ń hun, ẹja ò sì tán láyé wọn. Ṣé àwọn náà ò mọ̀ ọ́n hun ni?"

"Bàbá, mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Irin ló sọ̀rọ̀."

"Irin ẹ ò tíì dàgbà tó igi mi."

Àwọn apẹja hó yèè. Ìdákẹ́, tó dúró lẹ́yìn àwọn obìnrin, nìkan ló rí i pé ọkùnrin náà gbé irin rẹ̀ sápò jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kó dun ẹnikẹ́ni.

Ó gba yàrá kan nítòsí èbúté, ó sì ń lọ láti ọkọ̀ dé ọkọ̀ lójoojúmọ́. Àmọ́ ọ̀nà tó bá gbà lọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Aláwọ̀n ló ń gbà bọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí bàbá lọ ra òwú, ó ní kí Ìdákẹ́ kọ́ òun ní kókó títa.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ohun tí mò ń dá lẹ́jọ́, ó yẹ kí n mọ̀ ọ́n."

Ó fún un ní abẹ́rẹ́. Ọkùnrin náà ta kókó kan, ó gbé e padà fún un.

Ìdákẹ́ fà á, ó tú. "Kókó yìí, ẹja á kàn rẹ́rìn-ín sí i ni, á tú."

"Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ."

"Mi ò rẹ́rìn-ín."

"Ẹnu yín ò rẹ́rìn-ín. Èjìká yín ni."

Nígbà náà ló wá rẹ́rìn-ín tẹnutẹnu, ó sì fi àwọ̀n bo ojú.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ nígbà òjò náà. Ìka-Mẹ́ta ló ń sọ̀rọ̀, Ìdákẹ́ ló ń gbọ́, títí ó fi wá ṣẹlẹ̀ pé òun náà ń sọ̀rọ̀, tí wọn kò sì mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìdákẹ́ sọ fún un pé ìyá òun ti kú, pé àbúrò bàbá òun obìnrin ló tọ́ òun, pé ilé lòun ti kọ́ ìwé. Lọ́jọ́ kan ó sọ pé, "Jókòó, ó ti rẹ̀ ẹ́," ọkùnrin náà sì ti jókòó tán kí àwọn méjèèjì tó gbọ́ pé kò pè é ní "ẹ" mọ́.

Àbúrò bàbá náà, Àǹtí, ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, níbi tó ti ń lé adìẹ kiri. Àwọ̀n àlòkù kan ló fi yí àgọ́ adìẹ ká, ojoojúmọ́ ló sì ń bá a jà.

"Àwọ̀n bàbá wa yìí ò dá òròmọdìẹ kan ṣoṣo dúró!"

"Ẹja ni wọ́n hun ún fún," ni Bàbá Aláwọ̀n á dáhùn láìgbójú sókè.

"Ọmọ ìjọba tó ń wá síbí ńkọ́? Ẹja ló wá wọ̀n ni, àbí ọmọ wa?"

Bàbá Aláwọ̀n fa kókó ọwọ́ rẹ̀ le.

Nígbà tí òjò fẹ́ dá, Ìka-Mẹ́ta wọ ẹ̀wù funfun, ó wá dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Aláwọ̀n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní ọmọ rẹ̀ lòun fẹ́ fẹ́, pé òun kò wá ṣeré.

Bàbá Aláwọ̀n ta kókó mẹ́ta sí i kó tó fọhùn.

"Dìde. O jẹ́ ọmọlúàbí, mi ò ní purọ́ mọ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa dáná sun iṣẹ́ ọwọ́ bàbá mi ní èbúté. Báwo lo ṣe fẹ́ kí n jókòó, kí n máa pè ẹ́ ní àna?" Ó gbé igi dúdú náà sókè. "Ọjọ́ tí igi bàbá mi bá purọ́, ọjọ́ náà ni kí o wá mú ọmọ mi. Kó tó dìgbà náà, máa lọ ire."

Ọ̀rọ̀ náà tẹ́jú, kò sí ibi tí èèyàn lè dì mú lára rẹ̀.

Ìka-Mẹ́ta bá Ìdákẹ́ létí omi nírọ̀lẹ́. "Gbọ́, olólùfẹ́ mi. Tí mo bá ń kó àwọ̀n jọ, mi ò ní ya ilé yín. Màá ní mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi."

"Ìdákẹ́..."

"Tí o bá gbójú fo tiwa, kí lo máa sọ fún ẹni tí tiẹ̀ ń jóná? Bàbá mi ò ní jẹ́ kí wọ́n fi àánú dá òun sí. Èmi náà ò fẹ́ ọkọ tó máa ti ara mi bẹ̀rẹ̀ irọ́."

Kò tíì sọ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí. Ọkùnrin náà dorí kodò. Nígbà tó gbé e sókè, ó ní, "O ṣeun," ó sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Ìdákẹ́ ń gbá ẹ̀yìnkùlé. Òròmọdìẹ kan sáré wá sídìí àgọ́, ó ki orí bọ ojú àwọ̀n, ó jáde láìfara kan òwú. Ìdákẹ́ dúró ti ìgbálẹ̀, ó ń wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó pa ìka mẹ́ta pọ̀, ó tì wọ́n bọ ojú àwọ̀n náà. Wọ́n wọlé. Àyè ṣì kù.

"Àǹtí," ni ó pè, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ta ló hun àwọ̀n yìí?"

"Ta ni ìbá tún hun ún? Bàbá wa ni. Èmi ni mo ń di òwú mú fún un, mi ò tíì ga tó ìkòkò omi."

"Igi wo ló fi hun ún?"

"Igi kan náà tó wà lọ́wọ́ bàbá ẹ..." Àǹtí sún mọ́ ọn. Ó wo ìka ọmọ náà nínú àwọ̀n. "Ha."

Wọ́n wọlé lọ wo igi náà níbi tí bàbá fi í sí. Orí rẹ̀ méjèèjì fẹ̀, àmọ́ àárín rẹ̀, níbi tí òwú ti ń gbà, ti jẹ wọlé bí àárín ọlọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni òwú fi ń ha á lára, kókó lẹ́yìn kókó. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Bẹ́ẹ̀ ni ojú àwọ̀n ilé náà ṣe ń kéré, tí ọwọ́ tó ń hun ún kò sì fura.

"Ọlọ́run ti bá ẹ ṣe é!" ni Àǹtí wí. "Ó ní ọjọ́ tí igi bá purọ́. Sáré lọ pe ọkùnrin ẹ!"

Ìdákẹ́ kò sáré. Ó jókòó sórí àpótí, igi náà lórí itan rẹ̀. Ohun tó ń wá wà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ bàbá rẹ̀ ni yóò fi lù kó tó rí i gbà. Bí ó bá sì dákẹ́, bàbá náà yóò máa hun ojú tí kì í ṣe ti bàbá rẹ̀ títí ọjọ́ ikú, yóò máa fi búra. Àǹtí wò ó títí, ó sú u, ó padà sídìí adìẹ.

Nígbà tí Bàbá Aláwọ̀n dé, Ìdákẹ́ gé apá kan lára àwọ̀n àgọ́ adìẹ, ó tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, ó gbé igi náà lé e. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá mi, mi ò mú un wá torí ọkùnrin yẹn. Tí ẹ bá ní kí n má fẹ́ ẹ, mi ò ní fẹ́ ẹ. Ẹ ṣáà bá mi fi ọwọ́ kàn án."

Bàbá náà fi àtàńpàkò tọ àárín igi, láti orí kan dé ìkejì, ó tún padà. Ó fi orí igi sí ojú àwọ̀n àtijọ́ náà: ó bá a mu rẹ́gí. Ó fi àárín rẹ̀ sí i: ó ń mì.

Ó gbé igi náà sílẹ̀ lórí àwọ̀n.

"Ọdún mélòó ni mo ti ń di igi yìí mú," ni ó wí, "tí n kò wò ó rí."

Lọ́jọ́ iná, gbogbo èbúté kún. Kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ sílẹ̀. Ìka-Mẹ́ta dúró pẹ̀lú ìṣáná lọ́wọ́. Àwọn èèyàn yà sí méjì: Bàbá Aláwọ̀n ń bọ̀, àwọ̀n ilé rẹ̀ ló rù sórí, Ìdákẹ́ sì ru ìyókù lẹ́yìn rẹ̀. Ó dà wọ́n sílẹ̀.

"Mú ìṣáná wá," ni ó sọ fún òṣìṣẹ́ náà. "Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èmi..."

"Mo ní mú un wá."

Ó ṣá a. Òwú gbígbẹ kì í bẹ̀bẹ̀. Iná gbà á lójú ẹsẹ̀. Bàbá Aláwọ̀n gbé igi náà sókè, ó sọ fún gbogbo wọn ohun tí òwú ti ṣe sí àárín rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

"Mo sọ̀rọ̀ kan fún ọmọ yìí," ni ó tẹ̀ síwájú. "Mo ní ọjọ́ tí igi bàbá mi bá purọ́, kó wá mú ọmọ mi. Igi ò purọ́ o. Orí rẹ̀ méjèèjì ṣì ń sọ òótọ́. Èmi ni mi ò bi í léèrè. Nítorí náà, tí mo bá fẹ́ jà, mo lè ní ọ̀rọ̀ mi ò tíì ṣẹ."

Ìka-Mẹ́ta ń wo ẹnu bàbá náà. Ìdákẹ́ ń wo ilẹ̀.

"Àmọ́ mo ti dàgbà ju kí n máa fara pa mọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀ lọ. Ìwọ Ìka-Mẹ́ta, lọ wá igi líle. Gbẹ́ òmíràn fún mi. Ọjọ́ tí o bá fi hun àwọ̀n kan tí kókó rẹ̀ ò tú, kí o wá."

"Á tó ọdún mẹ́wàá, Bàbá!" ni Àǹtí ké láti ẹ̀yìn. "Ẹ ò tíì rí kókó rẹ̀ ni!"

Kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn náà ni ó fi hun ún, ó ń tú u, ó tún ń hun ún, nínú yàrá rẹ̀ létí èbúté. Bàbá Aláwọ̀n fa kókó rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní ó burẹ́wà, ṣùgbọ́n kò tú. Ó gbé igi àtijọ́ náà fún Ìdákẹ́.

"Ẹ kọ́ ọ sí ẹnu ọ̀nà ilé yín. Ẹ máa bọ́ ọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa fi orí rẹ̀ wọn tuntun. Kí ẹ má dúró dìgbà tí ìjọba á wá sọ fún yín."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí Ìka-Mẹ́ta fẹ́ wá mú un lọ, Ìdákẹ́ gbé àwọ̀n tuntun kọ́ sí ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ó rí i lókèèrè, ó ń bọ̀ nínú ẹ̀wù funfun rẹ̀. Nígbà yìí, ojú àwọ̀n kan ṣoṣo gba gbogbo ojú rẹ̀, fìlà àti imú àti ẹnu.

Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà. "Ẹ kú ilé o. Ṣé ẹnikẹ́ni wà ńbí?"

Kò sí òwú lẹ́nu Ìdákẹ́.

"Mo wà ńbí," ni ó wí. "Máa bọ̀. Garawa wà lẹ́sẹ̀ ẹ o."