Ta Ló Ní Kí Wọ́n Tan Ẹ̀rọ Omi?

Omi ń kán lára ọmọbìnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀ nígbà tó já wọ yàrá kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ omi. Òun ni ọ̀gá àwọn tó ń tún páìpù ṣe. Inú ń bí i burúkú, síbẹ̀ ẹwà rẹ̀ kò fara sin.

"Ta ló ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ nígbà tí mo wà nídìí páìpù?"

"Èmi ni," ọ̀dọ́kùnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà dáhùn. "Kọ̀ǹpútà ló ń darí ẹ̀rọ, èmi ni mo sì ni kọ̀ǹpútà."

"Páìpù ńkọ́, ta ló ni ín?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà dìde. Ó na aṣọ ìnura sí i. Ọmọbìnrin náà gbà á, kò dúpẹ́. Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn o.

Nígbà tí wọ́n lọ sọ fún bàbá ọmọbìnrin náà, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà, pé àwọn fẹ́ fẹ́ra, bàbá fàáké kọ́rí. "Ẹni tí kò mọ ibi tí àṣẹ rẹ̀ mọ ò lè di àna mi."

"Bàbá, ta ló mọ̀ ọ́n níbí? Ẹ bi ẹni mẹ́ta, èsì mẹ́ta lẹ ó gbọ́. Ẹ̀yin gan-an ò là á yé wa rí," ni ọmọ rẹ̀ wí.

Bàbá ní kí àwọn méjèèjì lọ tún ọ̀rọ̀ àṣẹ náà ṣe ná.

Wọ́n ń lọ láti yàrá dé yàrá. Wọ́n bá ẹlẹ́rọ, akọ̀wé àti ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà jókòó, wọ́n jiyàn, wọ́n rẹ́rìn-ín, títí gbogbo wọn fi fẹnu kò: àwọn tó wà nídìí páìpù ni yóò fọhùn kí ẹnikẹ́ni tó tan ẹ̀rọ, ọ̀gá ìbáà pàṣẹ.

"Olóríkunkun mi," ni ọkùnrin náà ń pè é.

"Olówó orí mi, a-fi-omi-kíni," lòun náà ń fèsì.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ dákẹ́. Aráàlú ń pariwo omi. Bàbá sáré wọlé: "Ẹ tàn án kíá!"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, a ò tíì gbóhùn àwọn onípáìpù," ni akọ̀wé wí. Ẹlẹ́rọ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ pàápàá sọ bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́, ohùn kan dé lórí fóònù: "A ti jáde o, ẹ tàn án!" Ohùn ọmọ rẹ̀ ni. Ìgbà yẹn ló yé bàbá ẹni tí omi ìbá bá nídìí páìpù ká ní wọ́n tẹ̀lé àṣẹ òun. Orí rẹ̀ wú sí gbogbo wọn.

Ó wá fi àwọn olólùfẹ́ náà sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà: "Ta ni yóò máa pàṣẹ nínú ilé yín?"

"Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, sà," ni ọkùnrin náà wí.

"Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn ni, bàbá," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

Bàbá ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì. Omijé ayọ̀ wà lójú rẹ̀.

"Ó dáa. Ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ ká ṣègbéyàwó?"