Sàráà Tí Safiyat Ṣe Nítorí Ẹ̀jẹ̀ Tó Padà

Ọjọ́ Jímọ̀ ni sàráà máa ń pọ̀ jù ní àdúgbò wa ní Òkèlele, nílùú Ìlọrin. Bí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, abọ́ wàìnà, àkàrà ìrẹsì dídín, á máa ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn. Èmi Rahama, nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìlera kékeré tó wà ládùúgbò náà, mo sì fẹ́ràn wàìnà ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo èèyàn ló mọ̀, wọn kì í gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà mi.

Ní Jímọ̀ tí mo ń sọ yìí, Safiyat fúnra rẹ̀ ló gbé tèmi wá. Amọ̀kòkò ni Safiyat. Láti ayé ìyá ìyá rẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ìkòkò nílé wọn. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni, ó sì ju èmi lọ dáadáa. Lọ́jọ́ náà, ó wọ aṣọ tuntun, ó lé tìróò, ojú rẹ̀ ń dán.

"Kí la rí, Ìyá Al-Ameen?" ni mo bi í. "Ta ló bímọ?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sún mọ́ etí mi. "Nǹkan oṣù mi ti padà."

"Padà báwo?"

"Ó ti pé ọdún méjì tó ti dúró. Mo ti gbà pé mo ti darúgbó. Ọlọ́hun wá dá mi padà sí ọ̀dọ́, Rahama. Jẹ wàìnà, kí o bá mi ṣe àmín."

Mo ṣe àmín. Mo tún fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí Àbdùlgàfárù, ọkọ rẹ̀, yáa máa wá àgbò ìkómọ. A jọ rẹ́rìn-ín. Ó lọ tán, mo jókòó, mo jẹ wàìnà mẹ́fà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí wàìnà mẹ́fà yẹn, torí èmi ò lè gbàgbé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí nǹkan oṣù Safiyat kọ́kọ́ dúró, ooru ló fi bá a jà. Á jókòó jẹ́jẹ́, ooru á dìde láti àyà, á gba ọrùn, á gba ojú, òógùn á bò ó. Ká tó wí, òtútù á tún mú un. Kì í rí oorun sùn dáadáa. Ohun tí kò tó nǹkan ni yóò bí i nínú.

Iṣẹ́ iná sì ni iṣẹ́ amọ̀kòkò. Bí wọ́n bá to ìkòkò jọ, tí wọ́n fi igi àti koríko bò ó, tí wọ́n tiná bọ̀ ọ́, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ dúró tì í. Safiyat ò lè dúró mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sá fi iná sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìkòkò fọ́. Nígbà kejì, mo bá a nílẹ̀ láàárín àpáàdì, ó ń sunkún.

"Rahama, iná ń bẹ níta, iná ń bẹ nínú mi," ló wí. "Èwo ni kí n pa?"

Èmi ni mo mú un lọ bá Dókítà Hadiyyah, obìnrin tó ń tọ́jú obìnrin ní ọsibítù ńlá kan nílùú. Dókítà náà fara balẹ̀.

"Mà, kì í ṣe àìsàn," ló sọ. "Èròjà kan wà nínú ara obìnrin tí wọ́n ń pè ní họ́mónù. Bí ọjọ́ orí bá dé ibì kan, ara á dín in kù, nǹkan oṣù á dúró, ooru á sì máa dìde. Oògùn họ́mónù wà tó lè pa ooru náà. Kì í ṣe gbogbo obìnrin ló lè lò ó, a ní láti yẹ̀ yín wò ná."

Safiyat fà sẹ́yìn. "Họ́mónù kẹ̀? Wọ́n ní jẹjẹrẹ ló ń fà. Ọmú ni jẹjẹrẹ ti mú Lami, ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ mi ló kú sí. N ò lò ó."

"Ẹ̀rù yín kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀," ni Dókítà dá a lóhùn. "Ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní jẹjẹrẹ ọmú, ó yẹ kí á rora gbé ọ̀rọ̀ họ́mónù rẹ̀ yẹ̀ wò. Ẹ lè ṣe é láìlo họ́mónù. Ẹ̀yin lẹ ni ara yín, ẹ̀yin lẹ ó yàn."

Safiyat yàn án láìlo họ́mónù. Mi ò bá a wí nígbà náà, mi ò sì bá a wí títí di òní. Àṣàyàn rere ni, ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ tí nǹkan kan ò sì ṣe wọ́n.

Dókítà wá sọ ohun tó máa ṣe fún un. Kó máa wọ aṣọ òwú tó fẹ́lẹ́. Kó dín ata àti tíì gbígbóná kù. Kó máa sun ìkòkò ní kùtùkùtù, kì í ṣe lọ́sàn-án gangan. Kó máa rìn, kó máa jẹ ẹ̀wà, ẹja wẹ́wẹ́ àti wàrà nítorí eegun. Ó ní bí ooru náà bá kọ̀, oògùn mìíràn wà tí kò ní họ́mónù nínú, kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

A ti dìde, Safiyat ti ń wá bàtà rẹ̀, ni Dókítà tún sọ gbólóhùn kan: "Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tó ti dúró fún ọdún kan, ì báà ṣe ẹ̀kán ṣoṣo, ẹ tètè wá o."

Bàtà ni Safiyat ń wò. Èmi gbọ́. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì, mo gbọ́ ọ ketekete.

Ọ̀nà tí kò ní họ́mónù nínú kì í yá. Ó ń fẹ́ sùúrù, ó sì ń fẹ́ kéèyàn máa padà lọ rí dókítà. Safiyat gbìyànjú fún oṣù kan àbọ̀, ó rẹ̀ ẹ́. Kò padà lọ mọ́. Ọjọ́ tó lọ ra aṣọ ní Táíwò Road ló rí ọkọ̀ kan tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí.

"Ìyá wa, ṣé ooru ń mú yín?" ni ọkùnrin inú ọkọ̀ ń kígbe. "Ṣé oorun ti sá? Ewé àti egbò lásán ni! Kò sí họ́mónù nínú rẹ̀!"

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló mú Safiyat. Ó ra ìgò mẹ́ta. Ìgò náà kò ní orúkọ ẹni tó ṣe é, kò ní nọ́ńbà ìjọba kankan lára, àwòrán òdòdó nìkan ló wà níbẹ̀.

Kí n má purọ́, ó ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pé tí ooru fi lọ. Ó sun ìkòkò, ó dúró tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sí ẹyọ kan tó fọ́. Ó pè mí wá wò ó. Ó ń gbá ìkòkò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dún, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ń padà lọ ra ìgò yẹn mu fún ohun tó lé ní ọdún kan. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ dé, tó sì ṣe sàráà.

Ní oṣù àkọ́kọ́, ọjọ́ mẹ́rin ló fi rí i. Nígbà tó yá, ó di ọjọ́ mẹ́wàá. Bó bá ti rí ẹ̀jẹ̀, kì í kírun, torí ó gbà pé háílà ni, èyí tí í ṣe nǹkan oṣù. Nígbà tí Rámádáànì dé, ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni kò gbààwẹ̀. Èmi rí i tó ń jẹun lọ́sàn-án. Mo kàn sọ lọ́kàn mi pé ọ̀dọ́ rẹ̀ ti padà lóòótọ́.

Lẹ́yìn yídì, a jọ lọ sọ́dọ̀ Alhaja Nusaybah. Ìyá àgbà yìí ló ń kọ́ àwa obìnrin ní kéú. Safiyat fẹ́ mọ bí òun ṣe máa san ààwẹ̀ rẹ̀ padà.

"Ọjọ́ mélòó lo jẹ?" ni Alhaja bi í.

"Mọ́kàndínlógún."

"Ẹ̀jẹ̀ náà dá láàárín?"

"Kò dá, Alhaja. Ó kàn ń bọ̀ ni."

Ìyá náà pa kítáábù rẹ̀ dé. "Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́ báyìí?"

"Mẹ́tàléláàádọ́ta. Ó ti dúró fún ọdún méjì kó tó padà."

"Sùbùhánáláhì. Safiyat, èyí kì í ṣe háílà. Àwọn àfáà wa sọ ọ́ pé háílà kì í kọjá ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀jẹ̀ àìsàn ni wọ́n ń pe èyí. Ẹni tó ní i kì í fi ìrun sílẹ̀, kì í sì í fi ààwẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìrun kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ọsibítù ni kó o lọ, lónìí."

Ó wá yíjú sí mi. "Nọ́ọ̀sì, ìwọ náà ò mọ̀ ni?"

Mo dìde, mo mú Safiyat lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà.

Wọ́n ya àwòrán ikùn Safiyat, wọ́n bu ẹran díẹ̀ nínú ilé ọmọ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Dókítà Hadiyyah ní kí a mú ìgò yẹn wá, ó sì fi oògùn inú rẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì dé, ó ti ilẹ̀kùn.

"Mà, họ́mónù ló wà nínú ìgò yìí," ló wí. "Ó sì pọ̀."

"Wọ́n ní ewé ni!"

"Irọ́ ni wọ́n pa. Bí àwa bá fún obìnrin tó ṣì ní ilé ọmọ ní họ́mónù yìí, a máa ń fi họ́mónù kejì tì í kí ilé ọmọ má bàa nípọn. A ń wọ̀n ọ́n, a ń yẹ ẹni náà wò. Èyí tó wà nínú ìgò kò ní ìkejì, kò ní ìwọ̀n. Mi ò lè búra pé òun nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ti mú ilé ọmọ yín, mà, ó sì ti kúrò níbẹ̀. Ó ti dé ẹ̀dọ̀."

Safiyat sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Mo sá fún un lọ́dọ̀ yín. Mo wá ń fi ọwọ́ ara mi mu ún nínú ìgò."

"Bó bá ṣe pé ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ jáde lẹ wá ni..." Dókítà ò parí rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ti kọjá láti ọjọ́ sàráà yẹn.

Àrùn là á wò, a kì í wo ikú. A ṣe ìtọ́jú, a sì ń ṣe é, ṣùgbọ́n omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ilé ni Safiyat wà báyìí, lórí àkéte, ó ti rù. Amọ̀ tó pò kẹ́yìn ṣì wà ní ẹ̀yìnkùlé lábẹ́ àpò. Láràárọ̀ ni Àbdùlgàfárù máa ń lọ wọ́n omi sí i kó má bàa gbẹ. Òun náà mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa mọ ọ́n. Mo bi í ìdí tó fi ń ṣe é, ó ní òun ò mọ ohun mìíràn tí òun lè ṣe.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Safiyat di ọwọ́ mi mú. "Lọ sọ ọ́ fún wọn," ló wí. "Má fi orúkọ mi pamọ́. Sọ fún wọn pé mo ṣe sàráà."

Mo ti ń sọ ọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, dídúró nǹkan oṣù kì í ṣe èpè. Bí ẹ bá fẹ́ lo oògùn họ́mónù, dókítà ni kó fún yín, kó sì máa yẹ̀ yín wò. Bí ẹ ò bá fẹ́, tàbí tí ara yín ò gbà á, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe ẹlẹ́yà, ọ̀nà mìíràn wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lo họ́mónù náà gbọ́dọ̀ máa padà lọ rí dókítà. Bí ọ̀nà kan ò bá tù yín lára, ẹ lọ sọ fún un, ẹ má lọ sídìí ọkọ̀ tó ń kígbe lójú títì. Ìgò tí ẹ ò mọ ẹni tó ṣe é, ẹ má mu ún, kódà bó bá ń ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ fún Safiyat.

Bí nǹkan oṣù bá sì ti dúró fún ọdún kan tí ẹ̀jẹ̀ tún jáde, bó ti wù kó kéré tó, ọ̀dọ́ kọ́ ló padà. Ẹ gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe jẹjẹrẹ, bó bá sì jẹ́ òun, ẹni tó tètè dé ni wọ́n lè gbà sílẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn, ẹ̀yin aládùúgbò ni mò ń bá wí, èmi gan-an ni mo sì ń bá wí. Bí obìnrin kan bá gbé abọ́ sàráà wá, tó ní nǹkan oṣù òun ti padà, ẹ má ṣe àmín. Ẹ gbé wàìnà náà sílẹ̀, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí ẹ mú un lọ sí ọsibítù. Mẹ́fà ni èmi jẹ.