Ta Ló Ń Fa Ìwé Plamen Ya?

Ní àárọ̀ Sátidé tí ikú Plamen pé oṣù mẹ́fà, Rumyana ìyá rẹ̀ se àlìkámà tí wọ́n máa ń pín níbi ibojì, ó da ṣúgà sí i, ó sì sọ̀ kalẹ̀ láti àjà kẹrin pẹ̀lú ìwé ìkéde mẹ́wàá lábẹ́ abíyá àti gọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Ní Sliven, ìlú wọn, kò sí òkú tí kì í gba irú ìwé bẹ́ẹ̀: àwòrán rẹ̀, orúkọ rẹ̀, etí ìwé dúdú yíká. A ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn àbáwọlé ilé, mọ́ òpó iná, mọ́ ibùdókọ̀. Bó bá pé ogójì ọjọ́, a ó tún lẹ òmíràn. Bó bá pé oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà, ọdún kan, bákan náà. Ènìyàn kì í fà á ya. Òjò àti oòrùn la fi í sílẹ̀ fún.

Ṣùgbọ́n láti ogójì ọjọ́ Plamen ni ẹnìkan ti ń fa tirẹ̀ ya. Bí Rumyana bá lẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, kó tó dìrọ̀lẹ́, igun ìwé nìkan ló máa ń ṣẹ́kù sára ilẹ̀kùn. Ó ti fi ọkàn rẹ̀ mú ẹni tó ń ṣe é. Bàbá Tsanko ti ìsàlẹ̀ ni, ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun ilẹ̀kùn náà lọ́dà tí kì í fẹ́ kí eṣinṣin bà lé e.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ jàre," ni Zornitsa wí. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ó fá ẹ̀gbẹ́ orí kan, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀, ó sì ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. "Ìwé lásán ni."

"Ìwé lásán? Ẹ̀gbọ́n ẹ lo ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Kò sáà ní jáde nínú ẹ̀ wá kí wa." Ó rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ tí alùpùpù ti gbé Plamen ṣubú, ẹnikẹ́ni kò tíì rí omijé lójú ọmọbìnrin yìí. Níbi ibojì, ṣingọ́ọ̀mù ló ń jẹ. Ní ilé-ìwé, ó lu ọmọkùnrin kan títí imú fi ṣẹ̀jẹ̀. Àwọn aládùúgbò ń wí pé, "Irin lọmọ yìí." Ká sọ òtítọ́, ọ̀rọ̀ náà máa ń tu Rumyana nínú. Bàbá àwọn ọmọ ń wa ọkọ̀ ẹrù ní Jámánì, ó ku òun nìkan nílé, ẹkún òun nìkan sì ti tó òun í rù. Olùdámọ̀ràn ilé-ìwé ti pè é lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yẹn. Kò gbé e. Ó rò pé ẹjọ́ sìgá ni.

Nígbà tí Rumyana lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn tán, tí wọ́n sì dé ibùdókọ̀, Zornitsa ní òun gbàgbé fóònù òun. Ó sáré padà sílé, ó sì tún sáré dé kí bọ́ọ̀sì tó gbéra. Wọ́n lọ sí ibojì, wọ́n pín àlìkámà. Nígbà tí wọ́n fi padà lọ́sàn-án, ilẹ̀kùn ti ṣófo. Igun ìwé mẹ́rin ló ṣẹ́kù.

Rumyana fi ẹ̀ṣẹ́ gbá ilẹ̀kùn Bàbá Tsanko gbàgbàgbà.

"Bàbá, kí lọmọ mi fi ṣe yín? Ó kú tán, ẹ ò tún jẹ́ kó sinmi?"

"Èmi kọ́, Ìyá Plamen." Baba náà wo Zornitsa fìrí, ó sì sọ ojú nílẹ̀. "Mo fi ọ̀run búra, èmi kọ́."

"Kò burú!" Rumyana kọjú sí ojú pópó, kí gbogbo fèrèsé lè gbọ́. "Ẹni tó ń fa ọmọ mi ya, kí ìyá tó bí i náà ra gọ́ọ̀mù! Kó lẹ àwòrán tiẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn yìí kí ọdún tó yí po!"

"Ẹ gbé e mì!" Bàbá Tsanko di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì kíákíá!"

Zornitsa ti dẹ́kun jíjẹ ṣingọ́ọ̀mù. "Ó ti gbọ́ yín, Màmá," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́. Ó yí padà, ó sì gba ìta lọ.

"Kí ló fi ìyẹn sọ?" ni Rumyana bèèrè.

"Òun ni," ni baba náà wí. "Láti fèrèsé ni mo ti máa ń rí i. Kì í fi ìbínú ṣe é o. Á fi omi rẹ ìwé náà, á fi èékánná ká a díẹ̀díẹ̀, á wá tì í bọ àyà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ilé yín ni. Mo tún wí pé ọmọ tó le tó yẹn, kí ló lè ṣe é?"

Rumyana sáré gun àtẹ̀gùn, ó ń pe fóònù ọmọ náà. Fóònù ń dún lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ìwé ló sáré padà wá ká láàárọ̀, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi fóònù sílẹ̀ ni. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni páálí bàtà wà, àwọn ìwé Plamen kún inú rẹ̀, ó tẹ́ wọn lélẹ̀ dáadáa bí aṣọ tí a lọ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni Zornitsa fi bírò kọ orúkọ ara rẹ̀ sí, lábẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kọ ọdún tí a bí i. Ó fi àyè sílẹ̀ fún èkejì.

Fóònù Rumyana dún. Olùdámọ̀ràn ilé-ìwé ni, Ìyáàfin Velichkova.

"Mo mọ̀ pé Sátidé ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sílẹ̀. Mo ń ka iṣẹ́ tí àwọn ọmọ kọ. Zornitsa kọ ọ́ pé òun lòun pa ẹ̀gbọ́n òun. Ibo ló wà?"

"Ó ti jáde. Mo ti... mo ti ṣépè fún ọmọ mi!"

"Ẹ gbọ́ mi. Màá pe nọ́ńbà pàjáwìrì fún yín. Aṣọ wo ló wọ̀? Ibo lẹ rò pé ó lọ?"

Kò sí ibòmíràn. Kọ́nà ojú ọ̀nà òkè tí Plamen ti ṣubú ni.

"Ẹ má dá lọ. Tí ẹ bá rí i, ẹ má pariwo, ẹ má wàásù. Ẹ bi í ní tààrà bóyá ó ń ronú àtipa ara ẹ̀."

"Háà! Ṣé kì í ṣe pé màá fi sí i lọ́kàn?"

"Rárá, ìyá. Ìbéèrè kì í fi sí ọmọ lọ́kàn. Ó ń jẹ́ kó mọ̀ pé ẹnìkan lè gbọ́ ọ. Tó bá dáhùn, ẹ gbà á gbọ́, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan kódà fún ìṣẹ́jú kan."

Ọkọ̀ tí Bàbá Tsanko fi gbé e ti gbó, ó ń wúkọ́ lórí òkè. Rumyana ń ka kọ́nà, ó ń be Ọlọ́run, ó ń jẹ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lẹ́nu bí ẹni ń jẹ iyanrìn. Ìyá tó bí i. Òun fúnra rẹ̀ ni ìyá náà.

Ó rí jákẹ́ẹ̀tì náà kó tó rí ọmọ. Zornitsa jókòó lórí irin etí ọ̀nà, ó dojú kọ kòtò. Ọkọ̀ ẹrù kan kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ mi ọmọ náà. Ó wu Rumyana kó kígbe. Ó rìn jẹ́ẹ́jẹ́, ó jókòó tì í, ó sì di apá jákẹ́ẹ̀tì náà mú.

"Zornitsa, ṣé ò ń ronú láti pa ara ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Rumyana kò jẹ́ kí ọwọ́ òun tú. "Sọ fún mi."

"Bọ́ọ̀sì ti lọ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kó wá gbé mi. Ó ní kí òjò dá ná. Mo ní ojo ni, pé òjò lásán ló ń bà á lẹ́rù. Ojoojúmọ́ ni mo ń jáde nílé, ojoojúmọ́ ló ń wò mí lójú ilẹ̀kùn. Mi ò lè kọjá níwájú ẹ̀, Màmá. Mi ò sì lè jẹ́ kí òjò pa á."

"Kí ló dé tí o ò sunkún, ọmọ mi?"

"Ẹ̀yin ń sunkún. Témi náà bá bẹ̀rẹ̀, ta ló máa dáná?"

Nígbà náà ni irin yẹn tẹ̀. Ọmọ náà ké tó bẹ́ẹ̀ tí Bàbá Tsanko fi sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tó sì bọ́ fìlà, kò sì mọ ohun tó máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Ẹ má rò pé ó tán síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Zornitsa lò ní ilé ìwòsàn, ọdún ilé-ìwé kan sì ti bọ́ sọ nù. Ó ń rí dókítà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Rumyana ti kó gbogbo oògùn ilé sínú àpótí oníkọ́kọ́rọ́, ẹ̀rù ṣì ń bà á bí ilẹ̀kùn yàrá bá pẹ́ ní títì. Ní ọjọ́ tí ọmọ padà wálé, Rumyana dúró sójú kan náà, níwájú àwọn fèrèsé kan náà, ó ní, "Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Ọmọ mi ni mo ṣépè fún, mi ò mọ̀, mi ò sì béèrè." Nígbà tí ọdún Plamen pé, ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n lẹ̀. Zornitsa fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́, ó sunkún níbẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, kò sì sẹ́ni tó ní kó panu mọ́.

Ìwọ tó ń kà á yìí, bí o bá ní ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín níbi òkú, tó ń jà, tó le ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, má dúpẹ́ pé kò yọ ọ́ lẹ́nu. Bí ilé-ìwé bá pè, gbé e. Bí aládùúgbò bá rí nǹkan, kó wí i. Bi ọmọ náà léèrè lónìí, kí o sì jókòó gbọ́ ìdáhùn, bó ti wù kó bà ọ́ lẹ́rù tó. Rumyana bí ọmọ méjì, ṣùgbọ́n odidi oṣù mẹ́fà ló fi jẹ́ ìyá èyí tó kú nìkan. Ìyá Zornitsa ni Bàbá Tsanko ń pè é báyìí.