Ajá Kọ́, Àjà Ni

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ kan ilẹ̀kùn Mìsítúrà ní Peckham. Ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Yóò fi hàn án, kò sì ní sọ nǹkan kan lé e.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìjì ńlá kọlu erékùṣù kékeré kan ní ilẹ̀ Karibíà. Ó ń ṣí òrùlé bí ẹni ń ṣí ìdérí ìkòkò. Òkun wọ ìlú. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Ọjọ́rú, wọ́n ti ń kó aṣọ, oògùn àti oúnjẹ inú agolo jọ ní yunifásítì tí Hameedah, ọmọ Mìsítúrà, ti ń kàwé ní gúúsù London, torí akẹ́kọ̀ọ́ láti erékùṣù náà pọ̀ níbẹ̀. Olùkọ́ ń di páálí, àwọn tó ń gbálẹ̀ ń di páálí, ọ̀gá àgbà pàápàá ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè. Nínú gbọ̀ngàn, wọ́n to tẹlifóònù mẹ́jọ sórí tábìlì gígùn kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi wọ́n pe nọ́ńbà àwọn tí wọn ò tíì rí, wọ́n sì ń fi èsì ránṣẹ́ sí àwọn adóòlà ẹ̀mí tó wà lọ́hùn-ún.

Ìyá ìyá Bernice wà lára àwọn tí wọn ò tíì rí. Bernice ni ọ̀rẹ́ Hameedah tímọ́tímọ́. Ìyá àgbà yìí ló tọ́ ọ dàgbà, kò sì ní ẹlòmíràn láyé. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Bernice ò jẹun. Ó kàn ń to agolo ẹ̀wà, ó ń tú u ká, ó tún ń tò ó.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, gbogbo wọn lọ jẹun. Ó ku Hameedah nìkan nídìí tábìlì. Aago ara ògiri ń dún. Nígbà tó yá, kò gbọ́ ọ mọ́.

Tẹlifóònù tó kángun sí ògiri dún.

Ó gbé e. Atẹ́gùn ló kọ́kọ́ gbọ́. Atẹ́gùn líle, tó ń súfèé, bẹ́ẹ̀ ìjì ti rọlẹ̀ lérékùṣù láti ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà, ohùn obìnrin àgbàlagbà kan. Yorùbá ló ń sọ. Ó ń rọra sọ ọ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn.

"Hello? Ẹ jọ̀ọ́ mà, who's calling?"

"Kọ ọ́ sílẹ̀."

Hameedah kọ ọ́: *iya iya bernice wa loke aja. ile alawo ewe leyin soosi.* Lẹ́yìn náà, atẹ́gùn dákẹ́. Kò sóhùn mọ́.

Ká má parọ́, Yorùbá Hameedah ò fi bẹ́ẹ̀ dán mọ́rán. London ni wọ́n bí i sí. Ó lè kí àgbàlagbà, ó sì lè ní kí wọ́n bu ẹran kún oúnjẹ òun, ṣùgbọ́n tí ohùn bá ti ń lọ sókè sódò, ó di kó máa méfò. Ó sáré lọ bá Jonathan, òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó gbọ̀ngàn náà. Ó ní ìyá ìyá Bernice wà lókè pẹ̀lú ajá, nínú ilé aláwọ̀ ewé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

"Èwo lo fi gbọ́ ọ?" Jonathan bi í.

Ó nawọ́ sí i. Jonathan wo tẹlifóònù náà títí.

"Ìyẹn ò lè gba ìpè," ó ní. "A ṣe gbogbo wọn kí wọ́n máa pe ìta nìkan."

Síbẹ̀, ó fi iṣẹ́ náà jẹ́. Kò pẹ́ tí èsì fi dé. Àwọn adóòlà ti dé ilé aláwọ̀ ewé ọ̀hún. Ilé ilẹ̀ ni, kì í ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kò sí ajá níbẹ̀, kò sì sí èèyàn. Wọ́n ti fi ọ̀dà sàmì sí ilẹ̀kùn pé àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bernice gbọ́ ọ, kò sunkún. Ìyẹn ló dẹ́rù ba Hameedah jù.

Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, kò tíì bọ́ bàtà. Hameedah na ìwé sí i.

"Mummy, ẹ wò ó. Somebody called, Yorùbá ni wọ́n sọ."

Mìsítúrà kà á. "Ajá wo?"

"Dog now, Mummy. Upstairs with the dog."

"Mo mọ dog! Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pè é? Pè é bí wọ́n ṣe pè é."

Hameedah di ojú. Ohùn náà ṣì wà létí rẹ̀. Ó pè é, ó rẹ ohùn sílẹ̀ ní sílébù àkọ́kọ́, ó tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní èkejì.

Mìsítúrà ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Ajá kọ́, àjà ni! Ceiling! Obìnrin yẹn wà lábẹ́ páànù, Hameedah!" Ohùn rẹ̀ wá lọ sílẹ̀. "Ṣé ó dá ẹ lójú pé wọn ò fa ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ gùn?"

"Why?"

"Ọ̀kan wà tó fara jọ ọ́. Afẹ́fẹ́ tó ń gbé èèyàn wọgbó nìyẹn. Mi ò ní pè é nínú ilé yìí. Call your oga, jàre!"

Jonathan ò kọ́kọ́ gbà. Ó ní wọ́n ti wo ilé yẹn, ilé rẹpẹtẹ ló sì kù tí wọn ò tíì dé.

"Èmi ni mo ṣì í kọ," Hameedah ní. "Ẹni tó pè ò ṣì í sọ."

"Ta ló pè?"

Hameedah ṣáà ń bẹ̀ ẹ́. Níkẹyìn, Jonathan mí kanlẹ̀, ó ní òun á bá wọn sọ ọ́.

Mìsítúrà kírun mọgàríbì, kò dìde lórí ẹní. Wọn ò tan tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí fóònù Hameedah dún, igbe Bernice ló gbọ́. Wọ́n ti fi àáké la àjà ilé náà. Ìyá àgbà wà níbẹ̀, ètè rẹ̀ ti bó, ṣùgbọ́n ó ń mí. Ó ń mí! Hameedah jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ náà sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu imú.

Lọ́jọ́ kejì, Mìsítúrà gbé kúlà ìrẹsì lọ fún wọn ní gbọ̀ngàn. Òun àti Hameedah bá Bernice níbi tó ti ń bá ìyá rẹ̀ àgbà sọ̀rọ̀. Ó ṣí fóònù náà sílẹ̀ kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn," ìyá ní.

"Obìnrin wo, Màmá?"

"Èyí tá a jọ wà lókè. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbe omi òjò fún mi mu. Èdè rẹ̀ ò yé mi, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n sùn lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ń rùn kánfọ̀."

Jonathan ti ka ìròyìn àwọn adóòlà. Ẹnì kan péré ni wọ́n bá níbẹ̀.

Tẹlifóònù tó kángun sí ògiri dún.

Kò sẹ́ni tó mira. Orúkọ mẹ́tàlélógójì ló ṣì kù tí wọn ò tíì rí. Ẹ̀rù ń ba Hameedah, kò sì fi pa mọ́. Mìsítúrà fa àga sún mọ́ ọn, ó mú bírò.

"Gbé e," ó ní. "Bó o ṣe gbọ́ ọ gan-an ni kó o ṣe pè é. Èmi á fi àmì ohùn sí i."

Hameedah gbé e. Atẹ́gùn ń fẹ́ níbẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán, mà," ó ní. "A ti ń kọ ọ́. Ta ló kàn?"