Òwú Mùínátù Lórí Máàpù

Mùínátù na òwú láti Kánò dé Èkó lórí máàpù ilé ìwé rẹ̀. Ó fi òwú náà wọn ìlà kékeré tó ń fi iye máìlì hàn nísàlẹ̀ ìwé, ó sì ní ọ̀nà náà tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta máìlì, tí bàálù lè fò láàárín wákàtí mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, ó na òwú láti Èkó dé Òde Mahin, ìlú wọn. Èyí kò ju èékánná lọ. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀:

"Bí Bùrọ̀dá Láwàl bá wọ bàálù láàárọ̀ yìí bí wáyà tí wọ́n fi ránṣẹ́ ṣe wí, wọ́n á bá wa kírun mọ̀gàríbì nílé."

Inú ìyá rẹ̀ dùn lórí ẹní. Ẹ̀gún ẹja ló gún un lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ ti wú dé orúnkún, ó sì ń dúdú. Omi òkun ń kún wọ odò lọ́wọ́, èyí tí í gbé ọkọ̀ lọ sókè; Bàbá Sàláúdéènì, àbúrò ọkọ rẹ̀, sì ti kó àwọn atukọ̀ jọ láti gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba ní òkè odò. Ṣùgbọ́n ìyá ní dókítà kò ní fọwọ́ kan òun bí Láwàl, àkọ́bí òun, kò bá sí níbẹ̀. Nítorí òwú yìí, ó ní kí wọ́n so ọkọ̀ padà. Táyé atukọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pe Mùínátù ní "Tíṣà wa". Orí ọmọ náà wú.

Omi kún tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Lọ́sàn-án, Mùínátù ń fọ ìkòkò ní èbúté nígbà tí ọkọ̀ kan láti Èkó gúnlẹ̀. Moríkẹ́ aláṣọ ló sọ̀kalẹ̀, ó ń na ẹsẹ̀ tó ti kú. Mùínátù bi í pé ìgbà wo ni wọ́n kúrò l'Ékòó.

"Ìjẹta ni. Ibi tí omi bá ti dojú kọ wá, a ó so ọkọ̀ mọ́gi, a ó máa dúró dè é kó yí. Ṣé o kì í ṣe ọmọ ibí ni?"

Ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ Mùínátù. Òwú rẹ̀ ti gba orí igbó àti ẹrẹ̀ kọjá bí ẹyẹ, bàálù kò sì lè bà sí Mahin. Inú odò tó ń yí kiri ni Láwàl yóò gbà. Bí òun bá dákẹ́, gbogbo ayé á ní bàálù ló pẹ́. Ó wo omi tó ń sá lọ. Ó sáré wọlé.

"Ìyá mi, mo ṣì í. Bùrọ̀dá ò lè dé lónìí. Wọn ò lè dé lọ́la pàápàá."

Bàbá Sàláúdéènì wolẹ̀. Ó ní òun mọ bí ọ̀nà Èkó ṣe rí, ṣùgbọ́n òun rò pé ìwé mọ ohun tí òun kò mọ̀.

Ìyá na ọwọ́ sí Bàbá Sàláúdéènì. "Ẹ gbé mi," ló wí.

Omi ti fà. Ibi tó ti gbẹ, àwọn ọkùnrin bọ́ sínú ẹrẹ̀, wọ́n ń ti ọkọ̀. Mùínátù ń gbọ́n omi, ìyá rẹ̀ ń dá sọ̀rọ̀, ó ń pe Láwàl ṣáá. Ojúmọ́ ti mọ́ kí wọ́n tó dé ọsibítù. Dókítà gba ẹ̀mí rẹ̀ là, ṣùgbọ́n ó gé ẹsẹ̀ náà. Ó ní ká ní wọ́n ti tètè gbé e wá ni, bóyá ẹsẹ̀ náà ìbá ṣẹ́kù.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni Láwàl wọ ọsibítù, bàtà lọ́wọ́, ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó ní òun jẹun àárọ̀ ní Kánò, òun jẹ ti ọ̀sán l'Ékòó. Orí omi ni òun ti lo gbogbo ìyókù.

Mùínátù ń sunkún. Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Òwú rẹ gba ẹsẹ̀ mi. Ẹnu rẹ dá ẹ̀mí mi sí."

Láti ọjọ́ náà, bí Mùínátù bá fẹ́ wọn ọ̀nà, á kọ́kọ́ bèèrè ohun tí èèyàn yóò wọ̀ àti ibi tí yóò ti dúró. Bó bá sì ṣì í, kì í jẹ́ kí omi fà kó tó sọ.