Ìkúnlẹ̀ Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ìdó-Òṣùpá

Ohun tí wọ́n fi sí ẹ̀yìn ọrùn Ìbídùn kò tóbi ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Ìrántí-ara ni wọ́n ń pè é. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọ abẹ́ awọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò dùn ún, ẹ̀jẹ̀ kò tilẹ̀ jáde, nígbà tí yóò fi jẹun ọ̀sán ó ti gbàgbé pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrántí-ara ní tirẹ̀ kì í gbàgbé nǹkan kan.

Ìdó-Òṣùpá ni ìlú tí àwọn èèyàn wa tẹ̀dó lórí òṣùpá, lábẹ́ òrùlé gíláàsì kan tó fẹ̀ ju pápá ọkọ̀ òfurufú lọ. Yìnyín ni wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n ń yọ́ ọ mu, wọ́n ń fi bomi rin ẹ̀fọ́, inú rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fa afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí. Ara fúyẹ́ lórí òṣùpá. Bí ife bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé, ìyá rẹ̀ á ti rìn débẹ̀, á ti gbá a mú, kó tó kan ilẹ̀. Ohun gbogbo tó bá ń lọ sílẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń lọ. Ẹ bá mi fi èyí sọ́kàn, torí ọ̀rọ̀ wa ṣì máa padà síbẹ̀.

Ìyálóde Ẹfúnyẹmí ló ń darí ìlú náà. Obìnrin kúkúrú ni, orí rẹ̀ funfun báláú, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí kànga yìnyín wó pa bàbá àti ìyá Ìbídùn, òun ló mú ọmọ náà sọ́dọ̀, tó tọ́ ọ, tó rán an nílé ìwé. Nígbà tí Ìbídùn dàgbà, tó ní iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ lòun fẹ́ ṣe, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ẹni tó fẹ́ máa ṣọ́. Òun ni olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ mẹ́rin tí kì í jìnnà sí Ìyálóde. Lójú aráàlú, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe. Lójú ara rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló ń tọ́jú.

Bí ìrántí-ara ṣe dé ni pé òkúta kan já bọ́ láti ojú ọ̀run lọ́jọ́ kan, ó balẹ̀ sórí òrùlé gíláàsì, ìró rẹ̀ sì mi gbogbo ìlú tìtì. Òrùlé kò fọ́, ẹnikẹ́ni kò fara pa, àmọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ti rí ara wọn. Ọ̀kan sá lọ. Ọ̀kan fa ìbọn yọ, kò rántí bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Ìbídùn fúnra rẹ̀ dúró gbagidi, etí rẹ̀ dí, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyálóde rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ máa gbà mí?" ló wí. "Ẹ jẹ́ kémi máa ṣọ́ yín ná." Wọ́n bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú ti Ìbídùn débi pé kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Dókítà Mákànjúọlá ló wá bá ìgbìmọ̀ àwọn àgbà sọ̀rọ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, tó jẹ́ pé iṣẹ́ ara èèyàn ló kọ́. Ó ní kí wọ́n má bá àwọn ẹ̀ṣọ́ wí.

"Bí ìkọlù bá dé, ẹ̀yin bàbá mi," ó wí, "ẹ̀jẹ̀ á sá kúrò lọ́wọ́, ìka á kú. Etí á dí. Ojú á fún, tí ẹ̀dá á fi máa rí ohun kan ṣoṣo, bí ẹni ń yọjú wòde láti ojú ihò kọ́kọ́rọ́. Kò sí ọgbọ́n orí nígbà yẹn mọ́. Ohun tí ara ti ṣe títí tó ti mọ́ ọn lára nìkan ló kù. Ìrántí-ara á gba ìdánrawò wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́, á so ó mọ́ eegun wọn. Lọ́jọ́ tí ìró ìkọlù bá dún, ara á ṣe é fúnra rẹ̀, kò ní bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín."

Ó wo Ìbídùn.

"Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ yọ ìkúnlẹ̀ yẹn kúrò."

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Iṣẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ni pé bí ewu bá yọ, kí wọ́n di Ìyálóde mú, kí wọ́n gbé e ṣubú, kí ọ̀kan ki ọwọ́ bọ abẹ́ orí rẹ̀ kó má baà gbá ilẹ̀, kí gbogbo wọn sì dà bò ó. Ọmọ àná ni gbogbo wọn. Ta ni wọ́n bí dáadáa tí yóò kàn dìde, tí yóò gbá ẹni tó ju ìyá rẹ̀ lọ lórí mú? Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹ́ dán an wò, Ìbídùn kò lè ṣe é. Ńṣe ló kúnlẹ̀, àwọn yòókù náà kúnlẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, torí ẹni tó bá ní òun ń dọ̀bálẹ̀ lórí òṣùpá á máa ta padà sókè ni. "Ẹ forí jì wá, Ìyá," ni wọ́n wí. Ìyálóde dá wọn lóhùn pé, "Mo forí jì yín, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó yá." Ìgbà náà ni wọ́n tó fò mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n parí, ohùn rẹ̀ jáde láti ìsàlẹ̀ pé, "Ẹ dìde lára mi, ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ti ń wúwo." Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Bàbá Ṣówándé, olórí àwọn àgbà, kò jẹ́ kí dókítà parí ọ̀rọ̀.

"Kí wọ́n yọ ọ́ kẹ̀? Kí wọ́n máa ki orí Ìyálóde mọ́lẹ̀ bí ẹni mú adìẹ, láìtọrọ gáfárà?"

"Bàbá, ẹ̀rọ yìí kò mọ̀ pé ìwà ọmọlúàbí nìyẹn. Ohun tí wọ́n bá ń ṣe ló máa gbà. Ara ò sì wúwo níbí. Ẹni tó bá kúnlẹ̀ níbí, ó ń pẹ́ kí orúnkún rẹ̀ tó balẹ̀."

"Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó? Ó ha ju ìṣẹ́jú bíńtín lọ?"

"Ìṣẹ́jú bíńtín náà ni mò ń sọ, bàbá."

Ọ̀rọ̀ náà di awuyewuye. Ìgbà tó yá ni Bàbá Ṣówándé ní kí wọ́n bi olórí ẹ̀ṣọ́, ìyẹn tó jẹ́ pé òun ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ojú yí sí Ìbídùn. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni dókítà ń sọ. Àmọ́ ó rántí ọwọ́ ìyá arúgbó yìí lórí òun nígbà tóun wà lọ́mọdé, tóun ń sunkún òbí òun, ó ro ti pé kóun máa gbé e ṣubú láìwí nǹkan kan, ara rẹ̀ kọ̀ ọ́.

"Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀," ló wí. "A máa yára ṣe é."

Dókítà Mákànjúọlá tẹrí ba, ó gbà bẹ́ẹ̀. Mi ò dá a lẹ́bi, nítorí ẹni mélòó ló lè dá dúró níwájú àgbà ìlú tí kò ní rẹ̀ ẹ́? Ó fi ìrántí-ara sí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́rùn. Wọ́n ń ṣe ìdánrawò lójoojúmọ́, ó ń gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, tìṣe tohùn, dókítà náà sì ń fi ẹ̀rọ kékeré kan gba ohùn wọn.

Ọ̀sán gangan ni ìkọlù dé, níbi tí wọ́n ti ń ṣí kànga yìnyín tuntun. Ọkùnrin awayìnyín kan wà láàárín èrò, ẹni tí Ìyálóde ti ti kànga rẹ̀ pa nítorí pé ògiri rẹ̀ ń sán, tí kò sì rí iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ó gbé ayùn-ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń gé yìnyín dání. Kò sẹ́ni tó kà á sí, àwọn awayìnyín tó pọ̀ níbẹ̀ ló gbé tiwọn dání. Ó dojú rẹ̀ kọ Ìyálóde, ó tàn án. Ayùn náà bú gbàmù.

Ìbídùn ti rí i. Ó rí ọkùnrin náà kedere, ó rí ọwọ́ rẹ̀, ó mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ tó tinrín yẹn á kọ́kọ́ gé òpó tó wà láàárín, kó tó kan Ìyá. Àyè wà. Àyà rẹ̀ kò já, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n, etí rẹ̀ ń gbọ́ gbogbo nǹkan. Ọkàn rẹ̀ ní kó fò. Orúnkún rẹ̀ ń lọ sílẹ̀.

Ó gbìyànjú láti dá a dúró, kò ṣeé ṣe. Ńṣe ló dà bíi pé ara ẹlòmíràn ló wọ̀. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń lọ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìyẹ́ ẹyẹ, orúnkún wọn kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu wọn sì ṣí.

"Ẹ forí jì wá, Ìyá."

Bí Ìyálóde bá sá ni, bóyá ìbá bọ́. Bó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, bóyá. Ṣùgbọ́n òun náà ti wà nínú ìdánrawò yẹn lójoojúmọ́, kò sì nílò ẹ̀rọ kankan lọ́rùn kó tó mọ́ òun náà lára. Ó kọ ẹ̀yìn sí ayùn náà, ó yíjú sí àwọn ọmọ rẹ̀.

"Mo forí jì yín, ẹ̀yin ọmọ mi," ló wí. Òpó já. Kò ráyè sọ èyí tó kù.

Èrò ló mú ọkùnrin náà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ojú wọn là sílẹ̀, omi ń dà lójú Ìbídùn, kò sì lè gbé ọwọ́ nù ún. Ó pẹ́ gan-an kí ara wọn tó tú.

Nígbà tí àwọn àgbà pe dókítà, ohùn rẹ̀ kò sókè. "Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́," ló wí. "Kò sí èyí tó kùnà nínú wọn. Ara ń dúró de 'Ó yá' ni." Bàbá Ṣówándé ní kó yọ ọ́ kúrò lọ́rùn wọn, dókítà ní ó ti wọ eegun, bóun bá fà á, wọn ò ní lè rìn mọ́. Bàbá náà fi fìlà rẹ̀ bo ojú. Ìbídùn wà níbẹ̀. Ohun tó ń gbọ́ nínú ara rẹ̀ kò ju ohùn ara rẹ̀ lọ, tó ń wí pé, a máa yára ṣe é.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, gbogbo ìlú jáde. Wọ́n gbé pósí irin sórí tábìlì gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà ìta, àwọn ẹ̀ṣọ́ mẹ́rin dúró yí i ká. Àwọn àgbà ti ní kí wọ́n yin ìbọn ìdágbére. Kò sẹ́ni tó ronú kàn án. Ìbọn dún.

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sílẹ̀.

"Ẹ forí jì wá, Ìyá."

Èrò bú sẹ́kún, wọ́n rò pé wọ́n ṣe é láti fi bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí orin ìsìnkú parí tí wọn kò dìde, Bàbá Ṣówándé mọ̀. Ó rìn wá síwájú, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí Ìbídùn.

"Mo forí jì yín," ni bàbá arúgbó náà wí. "Ẹ̀yin náà, ẹ forí jì mí. Ó yá, ẹ dìde."

Ara wọn kò mọ ohùn rẹ̀. Ẹsẹ̀ Ìbídùn ti ń kú, èyí tó kéré jù nínú wọn ti ń ké. Dókítà Mákànjúọlá wò wọ́n, ó mọ ohun tó kù tóun lè ṣe, ó sì mọ ohun tí yóò tẹ̀lé e. Ó mú ẹ̀rọ tó fi gba ohùn ìdánrawò jáde lápò, ó tẹ̀ ẹ́.

"Mo forí jì yín, ẹ̀yin ọmọ mi," ni ohùn Ìyálóde wí, tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ó yá."

Wọ́n fò. Wọ́n di pósí náà mú, wọ́n gbé e ṣubú kúrò lórí tábìlì, ó ń lọ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n ń bá a lọ. Kó tó kan ilẹ̀, Ìbídùn ti ki ọwọ́ bọ abẹ́ ibi tí orí wà. Gbogbo wọn dà bò ó. Kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀.

Ara Ìbídùn ti tú, ó mọ̀ pé òun lè dìde. Ó gbé etí lé irin náà, ó ń retí kí Ìyá ní kó dìde, pé ó ti ń wúwo. Ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ orí ìyá rẹ̀ títí tí wọ́n fi wá rọra fà á kúrò.